Nígbà tí ebi Ọ̀rọ̀ bá ń pa oníwàásù fúnra rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Ó ti tó ọdún 6 tí mo ti ń darí ìjọ kékeré kan, a kì í sì í ju bí ogójì lọ. N kò lọ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo sì ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Láti ìgbà díẹ̀ wá, ìwàásù àwọn ẹlòmíràn tí mo bá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ń gé pọ̀ mọ́ra lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bíbélì kò ta sí mi lára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ ti lọ sí ìjọ ńlá, ó sì ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dárúkọ ìwé àti ohun èlò tí kò gba owó púpọ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ fún mi: ṣé kí n ṣì máa bá a lọ?

Ìdáhùn:

Ẹ kú àforítì, ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Màá dárúkọ ìwé àti ohun èlò, torí ìyẹn lẹ béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró lórí gbólóhùn kan tẹ́ ẹ kọ sáàárín lẹ́tà yín bí ẹni tó ń kọjá lọ, pé Bíbélì kò ta sí yín lára mọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ti ń bu oúnjẹ fún ogójì ènìyàn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ò sì jẹ. Bí mo bá kó ogún ìwé fún yín lónìí, tó sì jẹ́ pé nítorí ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi nìkan lẹ máa ṣe ń ṣí wọn, ebi náà ò ní lọ.

Ẹ wo Ẹ́sírà 7:10. Ẹ́sírà múra ọkàn rẹ̀ láti wá òfin Olúwa, láti ṣe é, àti láti kọ́ni ní Ísírẹ́lì. Wíwá ló ṣáájú, ṣíṣe ló tẹ̀lé e, kíkọ́ni ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé kíkọ́ni ló ń lé e wá sídìí Bíbélì, á máa rẹ̀ ẹ́ ni, bó ti wù kí ẹ̀bùn rẹ̀ pọ̀ tó. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń dágbére fún àwọn alàgbà Éfésù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 20:28, ó ní kí wọ́n kíyè sí ara wọn kó tó mẹ́nu kan agbo. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí fún àwọn oníwàásù tí mo ń kọ́, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé ẹni tó bá ń tọ́jú ọkàn ara rẹ̀ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. George Müller tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ aláìlóbìí ní Bristol, ọkùnrin tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn ni. Síbẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1841 pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó jẹ òun lógún láràárọ̀ ni pé kí ọkàn òun yọ̀ nínú Olúwa, àti pé kíka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ríronú lé e lórí lọ̀nà tí òun ń gbà débẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò gùn. Ẹ mú ìwé kan ṣoṣo nínú Bíbélì, kẹ́ ẹ jókòó tì í fún oṣù mélòó kan. Òun ni kẹ́ ẹ máa kà fún ọkàn ara yín láàárọ̀, òun náà ni kẹ́ ẹ máa wàásù lé lórí lọ́jọ́ Ìsinmi, látorí ẹsẹ àkọ́kọ́ títí ẹ óò fi parí rẹ̀. Ẹni tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, tó ń wọlé nírọ̀lẹ́, kò ní wákàtí tó máa fi máa wá àkòrí tuntun kiri. Ìdajì wàhálà alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wíwá ohun tí a óò sọ. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ẹsẹ tó kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìdajì yẹn ti kúrò nílẹ̀.

Ọ̀nà àtijọ́ ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1519, Ulrich Zwingli, ọ̀kan lára àwọn alátùn-únṣe ìjọ, bẹ̀rẹ̀ Ìhìn Rere Mátíù lórí àga ìwàásù ní Zürich, ó sì ń bá a lọ láti orí dé orí dípò kó máa mú ẹsẹ tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lé John Calvin, alátùn-únṣe ìjọ mìíràn, kúrò ní Geneva ní ọdún 1538. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é padà ní 1541, àwọn ènìyàn ń retí kó bú àwọn tó lé e. Ẹsẹ tó kàn lẹ́yìn ibi tó dé kó tó lọ ló ṣí, ó sì ń bá àlàyé rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ẹ fojú inú wo ohun tó lè wù ú láti sọ lọ́jọ́ náà! Àǹfààní kan sì wà níbẹ̀ fún ìjọ kékeré: nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ tó kàn lẹ̀ ń wàásù, kò sí ẹni tó máa rò pé pásítọ̀ ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí òun.

Fílípì ni màá fún yín. Orí 4 ni, ẹsẹ 104, ẹ sì lè kà á sókè tán láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó kọ ọ́ wà nínú ẹ̀wọ̀n. Ẹpafíródítù tí ìjọ rán sí i ṣàìsàn títí dójú ikú. Àwọn obìnrin méjì tó ti bá Pọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́, Yúódíà àti Síńtíkè, ò gbọ́ra wọn yé mọ́. Síbẹ̀ ayọ̀ kún inú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí iṣẹ́ Olúwa ti sú díẹ̀ máa rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi orí 1, ẹsẹ 12 sí 18, ṣe àpẹẹrẹ ọ̀sẹ̀ kan, ìdajì wákàtí lóòjọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ má kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ fi gbàdúrà. Ẹ wo ohun tó bá yín wí níbẹ̀ àti ohun tó tù yín nínú, kẹ́ ẹ tó ro ti ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ fọwọ́ ara yín dà á kọ sínú ìwé. Ọwọ́ máa ń rí ohun tí ojú fò. Ẹ óò rí i pé Pọ́ọ̀lù kò fi ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pamọ́, ó ń padà sórí rẹ̀ lemọ́lemọ́, àti pé gbogbo ìgbà tó bá dárúkọ rẹ̀, Kírísítì tàbí ìhìn rere wà nítòsí.

Lọ́jọ́rú, ẹ béèrè ìbéèrè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wo ló ń sọ ní ẹsẹ 13? Ẹ tẹ̀lé ìtọ́kasí inú Bíbélì yín dé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28. Ẹ óò bá Pọ́ọ̀lù nínú ilé tó háyà, sójà kan ń ṣọ́ ọ, ó sì ń wàásù fún gbogbo ẹni tó bá wọlé tọ̀ ọ́ wá fún ọdún méjì gbáko. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àkókò yìí ló kọ Fílípì. Ẹ wá yí sí ìparí ìwé náà, 4:22, níbi tí àwọn ènìyàn mímọ́ tó wà ní agbo ilé Késárì ti ń kí ìjọ. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n rò pé ó máa pa ìhìn rere lẹ́nu mọ́ ló gbé e dé agbo ilé ọba! Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín wá èyí rí, tí ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún yín nínú fídíò, ara yín á yá gágá, ìjọ á sì gbọ́ ọ lóhùn yín kẹ́ ẹ tó ṣàlàyé. Irú ìdùnnú yìí gan-an lẹ kọ̀wé pé ẹ ò ní mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹ kọ gbólóhùn kan tó kó ìpín náà já. Bí àpẹẹrẹ: "Bí wọ́n tilẹ̀ de ìránṣẹ́, ìhìn rere ń lọ, ìyẹn sì tó fún un láti yọ̀." Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé àlàyé Bíbélì, láti fi yẹ ara yín wò. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ mú ìjọ yín wá sọ́kàn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan: ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjì tí kì í kíra wọn. Kí ni ẹsẹ wọ̀nyí ń sọ fún wọn? Pásítọ̀ ìjọ ẹlẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ò lè ṣe èyí bíi tiyín, torí ẹ̀yin mọ orúkọ gbogbo wọn. Lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ gbàdúrà lórí ohun tẹ́ ẹ ti kọ, kẹ́ ẹ sùn.

Ó wá kan ohun èlò. Èyí tó ṣáájú ni Bíbélì ẹ̀dà méjì. Ẹ lo Bíbélì Yorùbá àtijọ́, èyí tó ti ọwọ́ Samuel Àjàyí Crowther àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wá, tí odindi rẹ̀ parí ní ọdún 1884, kẹ́ ẹ sì gbé ìtumọ̀ òde òní kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí, ìbéèrè tó dára máa ń wà níbẹ̀. Áàpù YouVersion ní ju ẹ̀dà Yorùbá kan lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Fún ìtọ́kasí àti kọ́nkọ́dáǹsì (ohun tó ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ kan wà nínú Bíbélì hàn), Blue Letter Bible àti STEP Bible, èyí tí Tyndale House ní Cambridge ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò le lò.

Ní ti ìwé àlàyé, bó bá jẹ́ owó ìwé kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, Africa Bible Commentary ni kẹ́ ẹ rà. Ọdún 2006 ló jáde, Tokunboh Adeyemo ni olóòtú àgbà rẹ̀, àádọ́rin onímọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà ló sì kọ ọ́. Gbogbo Bíbélì wà nínú ìdìpọ̀ kan, àwọn àkọlé kan sì wà nínú rẹ̀ lórí ohun tí àwọn ìjọ wa ń bá yí gan-an. Ti Matthew Henry wà lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri, ó gbámúṣé fún ìfọkànsìn. Ẹ kàn mọ̀ pé ó kú ní 1714 lẹ́yìn tó parí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, àwọn pásítọ̀ mìíràn ló kọ láti Róòmù dé Ìfihàn, nítorí náà ọwọ́ tiwọn lẹ máa bá nínú Fílípì. Àwọn fídíò BibleProject dára láti fi rí bí ìwé kan ṣe tò látòkè délẹ̀. Ẹ wò wọ́n lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ka ìwé náà fúnra yín.

Ní ti ẹ̀kọ́, ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣì lè kẹ́kọ̀ọ́. Third Millennium Ministries gbé ẹ̀kọ́ irú ti ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Langham Partnership, tí John Stott dá sílẹ̀, ń kó àwọn oníwàásù jọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n jọ ń kọ́ bí a ṣe ń wàásù láti inú Bíbélì. Bẹ́ ẹ bá rí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí, ó sàn ju àpótí ìwé lọ.

Ọ̀rọ̀ gígé ìwàásù ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ yé wa lódì. Kíkọ́gbọ́n lára àwọn tó ṣáájú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Charles Simeon, pásítọ̀ kan ní Cambridge, tẹ ìlapa ìwàásù tó lé ní 2,500 jáde kí àwọn oníwàásù lè rí ohun tẹ̀ lé. Ohun tó burú ni kí a gbé ọ̀rọ̀ tí a kò jẹ kalẹ̀ bí ẹni pé tiwa ni. Tẹ́ ẹ bá rí àlàyé tó ràn yín lọ́wọ́, ẹ dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ lórí àga ìwàásù; iyì yín ò ní dín. Bákan náà ni ti àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ ìwàásù fúnni lórí fóònù nísinsìnyí: wọ́n lè bá yín wá ẹsẹ, wọn ò lè bá yín ronú pìwàdà. Simeon ní ìbéèrè mẹ́ta tó fẹ́ kí a fi yẹ gbogbo ìwàásù wò. Ṣé ó ń rẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀? Ṣé ó ń gbé Olùgbàlà ga? Ṣé ó ń mú kí ìwà mímọ́ dàgbà? Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀yìn Bíbélì yín. Ìwàásù tó bá kùnà ní ìkejì, bó ti wù kí àwọn ènìyàn pariwo "Àmín" tó, ẹ padà sídìí rẹ̀.

Ọkùnrin yìí kan náà ló yẹ kẹ́ ẹ rántí nígbà tí àga bá ṣófo. Ọmọ ọdún 23 ni Simeon nígbà tí wọ́n fi í sí Holy Trinity Church ní 1782. Ẹlòmíràn làwọn ọmọ ìjọ fẹ́. Nígbà yẹn, ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ní ilẹ̀kùn àti ẹni tó ni ín. Ni àwọn tó ni ìjókòó bá ti ilẹ̀kùn ìjókòó wọn pa, wọn ò wá, wọn ò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀. Ó fi owó ara rẹ̀ ra bẹ́ǹṣì sí àyè àárín, àwọn olórí ìjọ sì kó o jù síta. Orí ìdúró ni àwọn tó wá gbọ́ Ọ̀rọ̀ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò lọ. Ọdún 54 ló lò níbẹ̀, títí ó fi kú ní 1836, àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ sì di oníwàásù àti míṣọ́nnárì. Henry Martyn tó lọ sí Íńdíà wà lára wọn. Ẹ sọ pé ọdún 6 lẹ ti lò. Míṣọ́nnárì Adoniram Judson dé Burma (Myanmar òde òní) ní 1813, ọdún 1819 ló tó rí ẹni àkọ́kọ́ tó máa rì bọmi níbẹ̀.

N kò sọ èyí láti fi dá yín lójú pé ìjọ yín máa di ńlá. N kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó lè ṣèlérí rẹ̀ fún yín. 1 Kọ́ríńtì 4:2 ní ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìríjú ni kó jẹ́ olóòótọ́. Ní ti àwọn tó lọ, ẹ gbàdúrà fún wọn pẹ̀lú orúkọ, kẹ́ ẹ kí wọn tẹ́ ẹ bá pàdé. Tó bá jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ Kírísítì ni wọ́n lọ, Fílípì 1:18 ti bá wa sọ ọ́: Pọ́ọ̀lù yọ̀ pé a ń wàásù Kírísítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi ìlara ṣe é. Ó dunni o. Ẹ má ṣe bí ẹni pé kò dunni. Ẹ kàn má jẹ́ kó wọ inú ìwàásù.

Àárẹ̀ ara náà wà níbẹ̀, ẹ má fojú di í. Nínú 1 Àwọn Ọba 19, Èlíjà ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run ò bá a wí níbẹ̀. Ó jẹ́ kó sùn, áńgẹ́lì gbé àkàrà àti omi wá, ó tún sùn, ó tún jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀, tó sì fún un ní Èlíṣà kó má bàa dá wà mọ́. Ẹ má sì rò pé ìjọ ńlá máa wo irú àárẹ̀ yìí sàn: Charles Spurgeon ń wàásù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọ́ láìfi bò. Bí oorun bá ti ń kọ̀ yín pátápátá tàbí tí ayé bá ń sú yín, ẹ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán mọ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ wá Èlíṣà tiyín. Jẹ́tírò rí Mósè tó ń dá ẹjọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó sì sọ fún un lójú pé ohun tó ń ṣe kò dára, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì rẹ àwọn ènìyàn. Nínú ogójì ènìyàn, ó kéré tán, ẹni méjì wà tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan máa bẹ àwọn aláìsàn wò, kí èkejì máa wàásù lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ máa jókòó tì í lórí ẹsẹ tó fẹ́ wàásù. Ẹ sì wá pásítọ̀ mìíràn níta ìjọ yín tẹ́ ẹ lè máa sọ òótọ́ ọkàn yín fún. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, nígbà tí ikú ti súnmọ́ ọn, rọ Tímótíù pé kó tètè wá, kó mú Máàkù dání, kó mú aṣọ òtútù àti àwọn ìwé òun bọ̀. Ó fẹ́ ènìyàn, ó fẹ́ aṣọ, ó fẹ́ ìwé.

Ṣé kẹ́ ẹ máa bá a lọ? Pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ kọ, bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tẹ́ ẹ ń fi pamọ́ ni, tàbí tí ilé yín bá ń tú nítorí iṣẹ́ yìí, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Màá ní kẹ́ ẹ sinmi ná, kẹ́ ẹ fa ara yín lé àwọn alàgbà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ebi Ọ̀rọ̀ àti àárẹ̀ lẹ kọ̀wé nípa rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ní ìwòsàn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ yín kẹ́gàn yín. Pọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ àgọ́ pípa ní Kọ́ríńtì pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà, ó sì jẹ́ àpọ́sítélì níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ má múra ìwàásù kankan. Ẹ sọ fún ìjọ pé ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ jọ gbọ́ lẹ́tà kan. Ẹ pín Fílípì fún ẹni mẹ́rin, orí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ti kà á nílé dáadáa kó lè dùn ún gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí wọ́n gbọ́, ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbàdúrà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní.